Ìràwọ̀ Onírù ti Yíjú Padà: Ìpè sí Gbogbo Ará Etíkun Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará etíkun Àgbádárìgì, láti bodè Seme títí dé Ajido, ẹ̀yin ọmọ Ògù àti ẹ̀yin Àwórì, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìgbafẹ́ létí òkun, ẹ fetí sí mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Halley dé ibi tó jìnnà jù lọ lójú ọ̀nà rẹ̀, ní ìkọjá ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune ń gbà, ó sì yíjú padà. Láti ìgbà náà ló ti ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn báyìí, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i bó ṣe ń súnmọ́ oòrùn, títí di ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2061, nígbà tí yóò yí ẹ̀yìn oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni ní kíláàsì kìíní lónìí yóò ti di òbí nígbà náà, apá rẹ̀ yóò sì ká a láti gbé ọmọ tirẹ̀ lé èjìká kó lè wò ó.

Mo ń pè yín pé ká bẹ̀rẹ̀ ìmúra láti ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ ká máa jáde sí etíkun wa lóru, ká pa iná tí kò wúlò, ká wo ojú ọ̀run pa pọ̀, ká sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun tí wọ́n ń wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé 2061 ti jìnnà jù, pé epo mọ́tò àti owó ilé ìwé ló wà nílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa epo àti owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ yìí kò dúró di 2061 kó tó ràn sí wa; ẹẹ̀mejì lọ́dọọdún ni ohun tó ti ara rẹ̀ jáde ń bọ́ sí ojú ọ̀run Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń sùn nígbà tó ń bọ́. Mo máa dé orí ìyẹn.

Ohun tó dùn mí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní 1986, ìràwọ̀ onírù yìí wá. Ó súnmọ́ oòrùn jù lọ ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, ó sì súnmọ́ ilé ayé jù lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, nígbà tó kù bíi mílíọ̀nù kìlómítà 63 sí wa. Lọ́sẹ̀ náà, ó ti lọ sí ìhà gúúsù ojú ọ̀run débi pé kò yọ rárá ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó lówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìhà gúúsù ayé kí wọ́n lè fojú kàn án. Àwa tí a wà ní Àgbádárìgì kò nílò ọkọ̀ òfurufú. Etíkun wa kọjú sí gúúsù gan-an. Orí òkun ni ìràwọ̀ náà ti yọ lóru, ó sì gòkè tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ọ̀nà láti orí omi dé àtàrí. Kò sí ilé, kò sí òkè, kò sí òpó iná kankan láàárín òun àti ẹni tó bá dúró sórí yanrìn ní Gberefu.

Bi ọmọ Nàìjíríà tó ti dàgbà nígbà náà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986. Yóò sọ fún ọ pé ọdún yẹn ni Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel, ọdún yẹn ni wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa, ọdún yẹn ni ètò ọrọ̀ ajé SAP bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìlú lọ́rùn. Bóyá ẹnì kan lára àwọn apẹja wa tó wà lójú omi lóru rí i, tó dúró, tó wò ó, tó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé. Ṣùgbọ́n ta ló pe ìlú jáde? Ilé ìwé wo ló kó ọmọ lọ sí etíkun? Àlejò ńlá kọjá níwájú ilé wa, a kò tilẹ̀ ṣí fèrèsé. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn tún ṣẹlẹ̀.

Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ní 1986, nítorí pé nígbà tó mọ́lẹ̀ jù lọ, òdìkejì oòrùn ló wà sí wa. Ti 1910 yàtọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, kò ju mílíọ̀nù kìlómítà 23 lọ sí wa, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìyẹn sì ni ilé ayé gba àárín ìrù rẹ̀ kọjá. Lágbáyé, ìbẹ̀rù mú ènìyàn, nítorí pé àwọn onímọ̀ sọ pé gáàsì olóró wà nínú ìrù náà. Àwọn kan di ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn pa, àwọn mìíràn ta oògùn tí wọ́n ní ó lè dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìràwọ̀. Ìrù náà fẹ́lẹ́ débi pé kò sí ẹni tó mí ohunkóhun sínú. Nígbà náà, Àgbádárìgì wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn tí wọ́n ń pè ní Gúúsù Nàìjíríà, ọdún mẹ́rin ṣáájú kí wọ́n tó so gúúsù àti àríwá pọ̀. Ọmọ ọmọ àwọn tó rí i ní ọdún yẹn ṣì wà láàárín wa. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ìyá bàbá wọn sọ ìtàn ìràwọ̀ kan tó ní ìrù gígùn, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín kó tó pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká tún lọ sẹ́yìn sí i, nítorí pé ìlú wa kì í ṣe ìlú lásán. Ìràwọ̀ yìí kan náà wá ní 1759. Nígbà náà, òwò ẹrú ti gbilẹ̀ ní etíkun yìí. Ó tún wá ní 1835. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti sọ òwò náà di èèwọ̀, ọkọ̀ ṣì ń kó ènìyàn kúrò ní ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí Bùràsílì. Àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin yanrìn gbígbóná yẹn lọ sí ibi tí kò sí àbọ̀, abẹ́ ojú ọ̀run yìí ni wọ́n gbà kọjá. Lónìí àlejò ń wá láti Amẹ́ríkà àti Bùràsílì láti rin ọ̀nà náà lọ́sàn-án. Wọ́n á wo ṣẹ́ẹ́ní tí wọ́n fi de ẹrú ní ilé Mobee, wọ́n á wo àwọn yàrá tóóró inú bàrákúùnù, ilé àhámọ́ ẹrú, ti Sẹ̀ríkí Abass, wọ́n á kọjá sí Gberefu, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọkọ̀ padà sí Èkó. Mo rò pé ó yẹ ká fún wọn ní ìdí láti dúró di òru. Ojú ọ̀run tí àwọn baba ńlá wọn wò kẹ́yìn nílẹ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀.

Ta ni Halley tí wọ́n fi sọ ìràwọ̀ lórúkọ? Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, Edmond Halley, tí wọ́n bí ní 1656. Nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, ó fi ilé ìwé gíga rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí erékùṣù Saint Helena, nínú òkun Àtìláńtíìkì tiwa yìí, láti ka àwọn ìràwọ̀ ìhà gúúsù tí wọn kì í rí ní ìlú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìhà ọ̀dọ̀ wa ló wá. Ní 1682 ó rí ìràwọ̀ onírù kan. Nígbà tó wo àkọsílẹ̀ àtijọ́, ó rí i pé ọ̀nà tí ti 1531 àti ti 1607 gbà bá ti 1682 mu. Ní 1705 ó tẹ ìwé jáde pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, pé yóò padà wá ní ìparí 1758. Ó kú ní 1742. Ní òru Kérésìmesì 1758, ẹni àkọ́kọ́ tó rí i padà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àgbẹ̀ ni, ní Jámánì, Johann Palitzsch lorúkọ rẹ̀, tó ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ wo ojú ọ̀run. Nítorí náà, ẹ̀yin apẹja Yovoyan àti Akarakumo, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà ilé kí fóònù tó dé, ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiyín.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò sì dẹ́kun wíwá sí òkun wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington dúró ní erékùṣù Príncipe, tí kò jìnnà púpọ̀ sí wa nínú òkun Gíní, ó ya àwòrán oòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó lójú pátápátá. Àwòrán náà, pẹ̀lú ti àwọn tó lọ sí Bùràsílì, ló sọ Albert Einstein di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sílẹ̀. Ó gba ẹgbẹ́ náà tó ọdún márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún kó tó ṣe ìpàdé ńlá rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Cape Town, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ojú ọ̀run wa dára fún wọn láti wá wò láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa tí a ni ín ló kù kó gbé ojú sókè.

Kí ni ìràwọ̀ onírù gan-an? Kì í ṣe ìràwọ̀ bí oòrùn. Òkìtì yìnyín, gáàsì tó dì àti eruku ni. Ti Halley gùn tó kìlómítà 15, ó sì fẹ̀ tó 8. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1986, ọkọ̀ Giotto tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta kìlómítà, ó sì ya àwòrán rẹ̀: ó dúdú bí èédú. Nígbà tó bá súnmọ́ oòrùn, ooru á mú kí yìnyín rẹ̀ di gáàsì, eruku á bá a jáde, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn á sì fẹ́ wọn sẹ́yìn di ìrù. Ìdí nìyẹn tí ìrù rẹ̀ fi máa ń kọ ẹ̀yìn sí oòrùn nígbà gbogbo, yálà ó ń bọ̀ tàbí ó ń lọ.

Eruku yẹn ni mo sọ pé mo máa dé orí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Halley bá kọjá ló máa ń fi eruku sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹẹ̀mejì lọ́dún ni ilé ayé sì máa ń gba àárín eruku náà kọjá. Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, tí òru 5 mọ́jú 6 jẹ́ góńgó rẹ̀. Èkejì ni ìparí oṣù Kẹwàá, ní òru 21 mọ́jú 22. Eta Aquariids ni wọ́n ń pe ti oṣù Karùn-ún, Orionids ni ti oṣù Kẹwàá. Ẹyọ eruku kan lè má tóbi ju yanrìn lọ, ṣùgbọ́n kìlómítà 66 ló ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá wọ afẹ́fẹ́ wa, á gbiná, a ó sì rí i bí ìràwọ̀ tó já. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá rí ìràwọ̀ já ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Halley ná. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ló rí.

Ti oṣù Karùn-ún yìí gan-an ló yẹ kí a dìde fún. Ibi tí àwọn ìràwọ̀ náà ti ń jáde kì í pẹ́ yọ tí ilẹ̀ fi ń mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà díẹ̀ ni wọ́n ń rí. Fún àwa tí a wà nítòsí agbedeméjì ayé, láti bí aago mẹ́ta òru títí di bí aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni àkókò wa. Ti oṣù Kẹwàá kéré sí i, ṣùgbọ́n láti ọ̀gànjọ́ òru ni a lè máa wò ó. Mi ò ní tàn yín: oṣù méjèèjì ni òjò máa ń rọ̀ ní etíkun wa, ìkùukùu lè bo gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó jẹ́ ibì kan ṣoṣo la ó ti wò ó. Kí Seme wà níbẹ̀, kí Topo wà níbẹ̀, kí Gberefu àti Ajido wà níbẹ̀. Ibi tí ìkùukùu bá ti ṣí ni yóò rí i fún gbogbo wa.

Kò gba owó. Ojú lásán ni a fi ń wo ìràwọ̀ tó ń já, awò kò wúlò fún un. Ẹ mú ẹní, ẹ mú aṣọ ìbora nítorí òtútù òkun, ẹ fi oògùn ẹ̀fọn para. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ kọjú sí òkun, kí ìmọ́lẹ̀ Èkó wà lápá òsì yín, kí ti Àjàṣẹ́ àti Kútọ̀nù wà lápá ọ̀tún. Ẹ fún ojú yín ní ìdajì wákàtí láti mọ òkùnkùn. Ẹni tó bá tan fóònù wò nígbà náà ti ba ti ara rẹ̀ àti ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Tí iná bá pọndandan, ẹ fi náílọ̀nù pupa bo tọ́ọ̀ṣì. Kí ẹnì kan máa ka iye tó bá já, kó kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé kan wà, International Meteor Organization, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí orúkọ Àgbádárìgì wọ inú ìwé wọn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kọjá sí Gberefu, ẹ kọjá kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ sun ibẹ̀, kí ẹ sì padà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú òkun lóru. Kí a sì tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká lọ sí ààfin Akran, ọba ìlú wa, àti ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ abúlé etíkun, ká mọ òru tí ìlú bá ní ètò tirẹ̀, ká gba àṣẹ. Zangbeto ni ìlú Ògù gbé ìṣọ́ òru lé lọ́wọ́. Kò sí ìpàdé òru tó yẹ kó wáyé nílẹ̀ yìí láì jẹ́ pé wọ́n mọ̀ sí i. Mo gbàgbọ́ pé wọn yóò dùn sí i pé àwọn ọmọ ìlú tún fẹ́ mọ òru.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù. Wọn á ní ìràwọ̀ onírù ń kéde ogun, ń kéde ikú ọba. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù àgbà, ṣùgbọ́n ohun tó ń padà wá ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin sí ara wọn, tí a lè sọ ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe oníṣẹ́ burúkú. Àwọn ará Ṣáínà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 240 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin àfáà, ẹ ràn wá lọ́wọ́ lórí èyí. Ìlú yìí gbọ́ ìwàásù ìhìn rere lábẹ́ igi Àgíà ní 1842. Ẹ̀yin ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ẹ mọ etíkun lóru ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀pọ̀ yín ń lọ sí etíkun Seme-Podji fún Kérésìmesì. Ẹ̀yin Mùsùlùmí sì ń wo òṣùpá láti mọ ìgbà ààwẹ̀. Gbogbo wa la ti ní ìdí tiwa láti gbójú sókè.

Iná wá ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Mo gbà pé kò sí ibi tó dára fún wíwo ìràwọ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó bí etíkun Àgbádárìgì, nítorí pé lápá gúúsù, òkun nìkan ló wà. Ṣùgbọ́n ìlú ń gbòòrò lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, iná ńláńlá sì ń pọ̀ sí i ní ilé ìgbafẹ́, ní ilé epo, ní ilé ìjọsìn. Mi ò sọ pé kí a gbé inú òkùnkùn fún olè. Mo ń sọ pé kí iná kọjú sí ilẹ̀ tí a fẹ́ rí, kì í ṣe sí òfurufú àti sí òkun. Kí wọ́n fi ìbòrí sórí gílóòbù. Kí wọ́n pa iná ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Ìdí mìíràn wà fún un tó kọjá ìràwọ̀: ìjàpá òkun ń yé ẹyin sínú yanrìn etíkun yìí. Nígbà tí ọmọ wọn bá pa, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n máa ń wọ́ lọ. Láyé àtijọ́, òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù. Tí iná ilé ìgbafẹ́ bá ju òkun lọ, ọ̀nà ọ̀tẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á gbà, wọ́n á sì kú síbẹ̀. Ẹ̀yin onílé ìgbafẹ́, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ rí iná ti ní i ní Èkó. Òkùnkùn ni ẹ ní tí Èkó kò ní. Ẹ tà á fún wọn.

Sí ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, àti ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Badagry West àti Olorunda: ìlànà kan nípa iná etíkun kò ní ná yín ní owó púpọ̀. Ẹ ṣe é kí àwọn ilé ńlá tó ń bọ̀ tó dé, nítorí pé ohun tí a bá ti kọ́ ṣòro láti wó. Sí NASRDA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999 fún ìwádìí òfurufú: ẹ ti fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè ní 2003, a kí yín. Ẹ wá gbé awò ńlá kan kalẹ̀ ní etíkun wa fún òru kan ṣoṣo lọ́dún, kí ọmọ apẹja lè fojú ara rẹ̀ wo òrùka Saturn. Ibùdó tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tì lẹ́yìn fún ẹ̀kọ́ òfurufú wà ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Kò jìnnà jù láti rán olùkọ́ méjì wá. Sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ àti Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Oto-Ijanikin: ojú ọ̀nà kan náà ni a jọ wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tí yóò rí 2061. Ẹ rán wọn wá gba ilẹ̀ sùn pẹ̀lú wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo gbójú lé jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ béèrè orúkọ ìràwọ̀ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá àgbà wọn, ní èdè Ògù àti ní Yorùbá. A mọ Àgùàlà, a mọ̀ pé ajá òṣù ni wọ́n ń pè é. Mélòó ló kù tí àgbà mọ̀ tí a kò tíì kọ? Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kan ní ilé ìwé, kí ẹ máa fi kún un lọ́dọọdún. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún tó máa pé ní 2061 sẹ́yìn ìwé náà.

Bí 2061 bá sì jìnnà lójú yín, ọjọ́ kan wà tó súnmọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029, àpáta òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní Apophis, tó fẹ̀ ju mítà ọ̀ọ́dúnrún lọ, yóò gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 32,000 sí ilẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé DStv wá sílé wa jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kọlù wá. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ dáadáa, kò sì sí ewu rẹ̀ fún ó kéré tán ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó wà ní Áfíríkà àti Yúróòpù ni yóò rí i jù. Ojú lásán ni a ó fi wò ó, bí ìràwọ̀ kékeré tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ yòókù, yóò sì súnmọ́ jù lọ nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ bá kù díẹ̀ kó lù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya 2029 sọ́tọ̀ nítorí irú àpáta bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé yóò máa wá ibi tó ṣókùnkùn tó sì ṣí sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí Àgbádárìgì ti wà ní ìmúrasílẹ̀, kí wọ́n bá wa lórí yanrìn pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó lè ṣàlàyé fún wọn ní èdè tiwa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀. Ní òru 5 mọ́jú 6, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, ìjọ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ apẹja kọ̀ọ̀kan yan ibì kan létí òkun. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ará yín ní Àjàṣẹ́, kí àwọn náà jáde ní ìhà tiwọn. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ jí àwọn ọmọ ní aago mẹ́ta òru, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń sunkún oorun, kí ẹ sì mú wọn wá.